Bí Àdúgbò Yín Ṣe Lè Rí Ìrànwọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gbà fún Kíláàsì Jẹ́lé-ó-sinmi

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ìbáà jẹ́ níbi ìpàdé òbí, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀: "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ń náwó sórí àwọn ọmọ tí kò tíì tó wọ pírámárì? Ta la máa lọ bá?"

Òótọ́ ni. Owó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú kan ló wà. Ẹni tí ẹ rò pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè má ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ẹ ò sì kà sí lè jẹ́ ẹni tí yóò buwọ́ lu ìwé yín. Ohun tí mo rí láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àdúgbò wa ni mo kọ síbí.

Òbí, ọ̀gá ilé-ìwé, ẹgbẹ́ àdúgbò àti baálé ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí ilé-ìwé pírámárì ìjọba tó sún mọ́ ọn ní jẹ́lé-ó-sinmi tó ṣeé fi ojú rí. Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ló wà lọ́kàn mi. Orúkọ ọ́fíìsì lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

## Ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á kó olùkọ́, ilé, ẹní, omi àti abẹ́rẹ́ àjẹsára jọ sínú lẹ́tà kan, wọ́n á gbé e lọ bá alága káńsù. Alága á ní òun ti gbọ́. Ó parí síbẹ̀, torí pé ohun mẹ́ta nínú márùn-ún tí wọ́n kọ kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Olùkọ́. Káńsù kì í gba olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba síṣẹ́. SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ló ń gbà wọ́n, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń pín wọn sí ilé-ìwé. Olórí ẹ̀ka yẹn ni Akọ̀wé Ẹ̀kọ́, òun gan-an lẹ́ni tí ẹ nílò jù lọ. Owó oṣù olùkọ́ pírámárì, inú ìpín ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ìyókù tó dé káńsù. Ìdí nìyẹn tí alága fi lè búra pé òun ń náwó sórí ẹ̀kọ́, tí kò sì parọ́, síbẹ̀ tí kò lè rán olùkọ́ kan ṣoṣo sí yín.

Ilé, àga àti ìwé. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Àbújá, ló ń gba 2% nínú àpò àpapọ̀ owó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye kan náà lélẹ̀. Ìlànà tí UBEC ti ń lò ni pé kí 5% nínú owó náà lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, 60% sí pírámárì, 35% sí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú 100 mílíọ̀nù náírà, 5 mílíọ̀nù ni ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó kéré, mi ò ní tàn yín. Ilé-ìwé tó ń wò ó sì pọ̀. Ilé-ìwé tí ìwé rẹ̀ bá pé ni SUBEB máa ń kọ sínú ètò iṣẹ́ ọdún tí wọ́n ń gbé lọ sí Àbújá.

Àtúnṣe àti ohun kéékèèké. Èyí ni ti káńsù fúnra rẹ̀: òrùlé tó ń jò, ògiri ọgbà, ilé ìyàgbẹ́, omi ẹ̀rọ, ẹní, àga kékeré, ohun ìṣeré. Bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù ló ń ti wá, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ìlera. Ẹ̀ka ìlera alábọ́ọ́dé ìjọba ìbílẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, fítámì A, oògùn aràn: ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì nílò bọ́jẹ́ẹ̀tì kankan kí ẹ tó rí wọn gbà. Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ nìyí, èmi ò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi máa ń fi í ṣe ìkẹyìn.

## Kí ẹ tó kọ lẹ́tà: ṣé àwọn ọmọ yín wà nínú ìwé?

Bí ẹ ò bá ní ka ibòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ló ní ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún nínú ọgbà. Wọ́n tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọn wá nítorí pé ìyá ń lọ sọ́jà. Ìyá kan ládùúgbò á máa tọ́jú wọn lẹ́yìn kíláàsì pírámárì kìíní, ẹgbẹ́ òbí á sì máa dá nǹkan fún un lóṣooṣù. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí nínú rẹ́jístà kankan. Nígbà tí ìjọba bá wá ka ọmọ ilé-ìwé lọ́dọọdún, àyè wà fún jẹ́lé-ó-sinmi nínú fóòmù. Ọ̀gá ilé-ìwé á kọ òdo síbẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á bi í léèrè ẹni tó fún un láṣẹ.

Òdo yẹn ló ń lọ sí SUBEB. Ilé-ìwé tí kò ní ọmọ kò nílò olùkọ́, kò nílò ẹní, kò nílò ilé ìyàgbẹ́.

Ní tiwa, ọmọ 43 ni mo fi ìka kà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Àwọn tó kéré jù jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n là tẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá sì dìde, funfun ni ìdí ṣòkòtò wọn. Mo wọlé lọ bá ọ̀gá, mo ní kó fi fóòmù ọdún yẹn hàn mí. Òdo.

Nítorí náà:

1. Ẹ ra rẹ́jístà gidi, irú èyí tí pírámárì ń lò. Ìwé àjákọ kò ní jẹ́ kí wọ́n kà yín sí.
2. Ẹ kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ òbí àti ojúlé tí wọ́n ń gbé.
3. Ẹ ya àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sọ́tọ̀. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.
4. Ẹ máa pe rẹ́jístà láràárọ̀ fún odindi sáà kan, ó kéré tán. Rẹ́jístà tí wọ́n fi bírò kan náà kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kì í pẹ́ kó tó tú ara rẹ̀ fó.
5. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí, ẹ rán òbí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn tó sì ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.
6. Ẹ bá ọ̀gá jókòó nígbà tó bá ń kọ fóòmù ìkànìyàn ilé-ìwé, kí iye tó wà nínú rẹ́jístà bá iye tó wà nínú fóòmù mu.

Bí ẹ̀rù bá ń ba ọ̀gá, ẹ rán an létí pé ìlànà ìjọba ni pé kí ilé-ìwé pírámárì ìjọba ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Kò ṣẹ̀. Ẹni tó kọ òdo nígbà tí ọmọ wà ló yẹ kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

## Àwọn ìgbésẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ

1. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá mọ̀ sí i, ọ̀gá náà ni wọ́n á kọ́kọ́ pè, ohun tó bá sì sọ lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á gbà.

2. Ẹ pe ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. SBMC ni gbogbo ayé ń pè é. Òbí, olùkọ́, aṣojú baálé àti ẹlẹ́sìn ló máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti kú ní ilé-ìwé yín, bí ó ti rí níbi púpọ̀, ẹ sọ fún Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ pé ẹ fẹ́ jí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wá buwọ́ lù ú. Ìwé ìpàdé yẹn ló máa fi hàn pé ẹ kì í ṣe ẹnì kan tó ń wá ojú rere òṣèlú.

3. Ẹ pín ohun tí ẹ fẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ lo ìpín tí mo ṣe lókè: olùkọ́, ilé, ohun kéékèèké, ìlera. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀. Ẹ má ṣe kọ "a nílò ìrànlọ́wọ́". Ẹ kọ "ẹní ńlá mẹ́jọ, àga kékeré ogójì, póò ọmọdé mẹ́fà, ìlẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ méjì". Ẹ lọ sọ́jà, ẹ béèrè iye, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì kò ní àyè láti máa ṣírò fún yín. Bí ẹ bá ti ṣírò rẹ̀ fún un, ẹ ti dín iṣẹ́ rẹ̀ kù.

4. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan. Kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpẹẹrẹ nìyí:

> *Sí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́.*
> *Ìbéèrè fún olùkọ́ méjì àti olùtọ́jú ọmọ kan fún kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi.*
> *Ọmọ 43 ló wà nínú rẹ́jístà wa. 17 nínú wọn ti pé ọdún márùn-ún. Kò sí olùkọ́ ìjọba kankan tó ń kọ́ wọn. Yàrá kan wà nílẹ̀ tí a ti tún ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán òṣìṣẹ́ yín wá wo ibẹ̀. Ẹ̀dà rẹ́jístà, ìwé ìpàdé àti fọ́tò wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.*

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń fẹ́ ẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fún olùkọ́ kan kó yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fi "with utmost humility" gùn ún dé ojú ìwé mẹ́ta.

5. Ẹ gba òǹtẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí aburú èyí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo gbé lọ sí sẹkitéríàtì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi lé lọ́wọ́, torí ó kí mi dáadáa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo padà lọ. Kò sẹ́ni tó rí lẹ́tà rí; ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀hún kì í tilẹ̀ í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn ni. Nísinsìnyí, ẹ̀dà méjì ni mo máa ń mú lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà wọlé ni mo máa ń lọ tààrà, wọ́n á fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu èkejì, mo sì máa ń gbé e padà sílé. Bí wọn ò bá rí òǹtẹ̀, mo máa ń jókòó títí wọ́n á fi rí i.

6. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Kì í ṣe kó lè fún yín lówó àpò rẹ̀. Òun ni yóò jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, bí ẹnu rẹ̀ bá sì dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa bá yín sọ ọ́. Ẹ pè é wá sí ilé-ìwé ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ nígbà tí kíláàsì kún. Ẹ má pè é wá ní ọ̀sán tí àwọn ọmọ ti lọ sílé.

7. Ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tó ń rí sí jẹ́lé-ó-sinmi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́. ECCDE ni wọ́n máa ń kọ sára ilẹ̀kùn tàbí tábìlì rẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí SUBEB. Bí ó bá wá, ẹ jẹ́ kó rí rẹ́jístà kí ó tó rí jọ́lọ́ọ̀fù.

8. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èèyàn méjì, kì í ṣe ogún. Ẹ mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ dání. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: "Tábìlì ta ni fáìlì wa wà?"

## Ìgbà wo ni kí ẹ lọ?

Oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ni ọdún ìnáwó káńsù. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, ìdajì kejì ọdún ni wọ́n máa ń ṣe é. Lẹ́tà tí ẹ bá mú lọ ní oṣù kejì, owó ọdún náà ti ní ibi tó ń lọ, ti ọdún tó ń bọ̀ kò sì tíì sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

- Oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún: rẹ́jístà, ìpàdé, iye owó ọjà, ọ̀rọ̀ ìlera.
- Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ: lẹ́tà, òǹtẹ̀, káńsẹ́lọ̀.
- Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá: ẹ máa tẹ̀lé fáìlì, ẹ má jẹ́ kó sùn.

Bí ìdìbò káńsù bá ń bọ̀, ọwọ́ àwọn olóṣèlú máa ń yá. Ẹ gba ohun tó bá ṣeé fi ojú rí, bí ẹní àti àga. Ìlérí pé wọ́n á kọ́ ilé, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa bá lẹ́tà yín lọ.

## Ohun tí wọ́n máa sọ fún yín, àti èsì tí ẹ lè fún wọn

"Jẹ́lé-ó-sinmi kò sí lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀." Ìdajì òótọ́ ni. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ní àfikún kẹrin rẹ̀, dárúkọ ẹ̀kọ́ pírámárì, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí káńsù ti ní ipa. Kò dárúkọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 2013 tún là á yékéyéké: ọdún 1 ṣáájú pírámárì, ọdún 6 ní pírámárì, ọdún 3 ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ọdún kan yẹn, ti ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú rẹ́jístà nìyẹn. Ẹnì kan lè bá yín jiyàn lórí ọmọ ọdún mẹ́ta. Lórí ti ọdún márùn-ún, kò rí ibi dúró sí.

"Ìpínlẹ̀ ló di owó wa mú." Ó ti pẹ́ tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba inú àpò tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó náà máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn rò pé àpò káńsù ti kún. Ohun tí ẹ lè sọ ni pé: "Ẹ kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ná, kí àyè rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí owó bá dé." Ohun tí kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, owó ì báà dé bí òjò, kò ní kàn án.

"Ẹ lọ bá LCDA yín." Àwọn tó ń gbé ní Èkó ni èyí ń pọ́n lójú jù. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà nínú òfin orílẹ̀-èdè fún Èkó, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ fi LCDA 37, àwọn káńsù ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, kún un. LCDA ní alága àti káńsẹ́lọ̀, ẹ lè gba ẹní, àga àti àtúnṣe lọ́wọ́ wọn. Ti olùkọ́ ńkọ́? Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ gangan ni ẹ máa lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ibi tó ti ń gba ìwé ìgbéga rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ilé, a ó fún yín ní olùkọ́." Ẹ ṣọ́ra. Mo mọ àdúgbò kan tó dáwó kọ́ yàrá méjì, tí olùkọ́ kò sì dé. Pírámárì kẹfà ló ń lo yàrá náà báyìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́lé, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́

- Kí ẹgbẹ́ òbí sọ owó olùtọ́jú ọmọ di dandan. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba. Òfin 2004 fi ìtanràn tó lè tó 10,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta lé ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé ní pírámárì àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ dáwó lè dá a, ṣùgbọ́n ẹ má lé ọmọ ẹnikẹ́ni sílé nítorí rẹ̀.
- Kí ẹ gbójú lé oúnjẹ ọ̀fẹ́. Pírámárì kìíní sí ìkẹta ni ètò oúnjẹ ìjọba àpapọ̀ wà fún. Ẹ ṣètò oúnjẹ àwọn ọmọ kékeré lọ́tọ̀, kí wọ́n má baà dúró máa wo ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́nu.
- Kí ẹ kó ọmọ ọgọ́ta sínú yàrá kan kí iye yín lè pọ̀. Ìlànà ni olùkọ́ kan fún ọmọ 25, àti olùtọ́jú kan fún ìkókó 10. Bí ẹ bá ní 43, olùkọ́ méjì ni kí ẹ béèrè.
- Kí ẹ béèrè olùkọ́ èyíkéyìí. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹni tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ni ẹ fẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ku oṣù mẹ́fà kó fẹ̀yìntì ni wọ́n máa rán sí yín, torí wọ́n rò pé iṣẹ́ ìsinmi ni.
- Kí ẹni tó ní ilé-ìwé aládàáni rò pé ìwé káńsù ti tó. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ ló ń forúkọ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni sílẹ̀. Rìsíìtì pátákó tí ẹ san ní káńsù kì í ṣe àṣẹ láti kọ́ ọmọ.

## Bí wọ́n bá dákẹ́

Lẹ́yìn ìgbà kẹta tí ẹ bá ti lọ, ẹ yí ọwọ́ padà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ a máa sọ pé òfin yẹn kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ béèrè ohun kékeré tó ṣe tààrà: iye tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, iye tí wọ́n ti ná nínú rẹ̀, àti orúkọ ilé-ìwé tí wọ́n ná an sí. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ọ́. Kì í ṣe ìjà. Nígbà míì, ọjọ́ tí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wọlé ni wọ́n máa rántí fáìlì yín.

Ní báyìí ná, àwọn nǹkan wọ̀nyí kò nílò kí ẹ dúró de ẹnikẹ́ni:

- Ẹ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín sọ̀rọ̀ kó wá yẹ káàdì àjẹsára wò ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá, mẹ́rìnlá, oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ wò; ti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀pọ̀ ìyá ń gbàgbé.
- Ẹ ní kí wọ́n fi ilé-ìwé yín ṣe ojúkò nígbà ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, wọ́n sì máa ń fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù 59 ní fítámì A.
- Ẹ béèrè gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéú tó ṣófo láàárọ̀, bí kò bá sí yàrá ní ilé-ìwé. Orúkọ ilé-ìwé ni kó wà lára rẹ́jístà, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì.
- Aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn yín náà máa ń ní owó iṣẹ́ àdúgbò. Ẹ̀dà lẹ́tà kan kò pọ̀ jù fún un.

## Ohun tí ẹ máa mú dání lọ sí sẹkitéríàtì

- [ ] Lẹ́tà, ẹ̀dà méjì
- [ ] Ẹ̀dà rẹ́jístà, pẹ̀lú iye ọmọ ọdún márùn-ún lọ́tọ̀
- [ ] Ìwé ìpàdé SBMC tí wọ́n buwọ́ lù
- [ ] Iye owó ọjà fún nǹkan kọ̀ọ̀kan
- [ ] Fọ́tò mẹ́rin: kíláàsì, ilé ìyàgbẹ́, orísun omi, òrùlé
- [ ] Nọ́ńbà fóònù ọ̀gá àti alága SBMC
- [ ] Bírò tiyín

## Bí nǹkan bá dé

Ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí ìwé bá ní àga ogójì, tí ẹ sì ka méjìlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ń kọ́ ilé ìyàgbẹ́, kí ẹnì kan nínú SBMC máa dé ibẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì mú ọmọ ọdún mẹ́rin kan lọ́wọ́ lọ kí wọ́n tó ri ìjókòó mọ́lẹ̀. Wọ́n ti parí tiwa kí a tó ronú kan ìyẹn. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kò kanlẹ̀, ẹ̀rù ihò ń bà wọ́n, wọ́n bá ń lọ sẹ́yìn ilé lọ yàgbẹ́. A ní láti lọ kó búlọ́ọ̀kù ṣe àtẹ̀gùn sí i, búlọ́ọ̀kù méjì méjì níwájú ìjókòó kọ̀ọ̀kan, owó àpò ẹgbẹ́ òbí la sì fi rà wọ́n.